London Borí ní Toulouse, Síbẹ̀ Àyè Kò Sí: Bí Wọ́n Ṣe Ń Yan Ẹgbẹ́ Tó Ń Wọ Super League Rọ́gíbì

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ẹgbẹ́ London Broncos gbá àṣekágbá Championship, ìyẹn líìgì kejì nínú rọ́gíbì líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Toulouse, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Faransé tó ń kópa nínú líìgì náà, ni wọ́n bá pàdé, lórí pápá Toulouse fúnra wọn. Ipò karùn-ún ni London wà lórí tábìlì nígbà tí sáà parí, èèyàn díẹ̀ ló sì fi ọkàn sí i pé wọ́n á mú un jẹ. Wọ́n mú un jẹ, 18 sí 14. Báyìí ni London ṣe di ara Super League, líìgì tó ga jù lọ, fún ọdún 2024.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìwé máàkì fi jáde, ìyẹn máàkì tí àwọn aláṣẹ eré náà fẹ́ máa fi yan ẹgbẹ́ tó ń wọ Super League. London gba 8.07 nínú 20, máàkì yẹn sì fi wọ́n sí ipò kẹrìnlélógún láàárín gbogbo ẹgbẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n lè gbá Super League ní 2024, ṣùgbọ́n bí máàkì wọn kò bá fò sókè gidigidi, wọ́n máa jáde kí 2025 tó bẹ̀rẹ̀, kódà bí ẹgbẹ́ mìíràn bá wà lábẹ́ wọn lórí tábìlì.

Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Leeds, ní Hull tàbí ní Manchester, tí wọ́n dàgbà sínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, kò rí orí ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò rí ìdí rẹ̀. Mi ò bá wọn wí, torí àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an ṣì ń jà lé e lórí. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀: gígòkè àti jíjá wálẹ̀, ìwé àṣẹ tí àwọn aláṣẹ fi ń pín àyè, àti máàkì tí wọ́n ń lò báyìí.

Eré wo là ń sọ gan-an?

Rọ́gíbì méjì ló wà. Rọ́gíbì yúníọ̀nù jẹ́ ti èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Rọ́gíbì líìgì tí à ń sọ yìí jẹ́ ti mẹ́tàlá. Ọdún 1895 ni wọ́n pínyà, ní òtẹ́ẹ̀lì George nílùú Huddersfield. Owó ló fà á. Awakùsà àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ ló pọ̀ nínú àwọn tó ń gbá a ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ lọ sí pápá, owó ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ àríwá ní àwọn fẹ́ máa dí owó náà fún wọn, àwọn ọ̀gá tó ń darí eré náà ní èèwọ̀ ni. Ni àwọn ará àríwá bá kó jáde, wọ́n kọ́ ilé tiwọn.

Ìtàn yìí ló sọ ibi tí eré náà fìdí kalẹ̀ sí: Wigan, St Helens, Castleford, Wakefield, Featherstone. Ìlú tí kò tóbi, tí wọ́n sún mọ́ ara wọn, tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ rọ́gíbì ló gbé orúkọ wọn dé etí ẹni tí kò débẹ̀ rí. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, ìbínú àwọn èèyàn lórí ọ̀rọ̀ máàkì kò ní yé yín.

Àwa náà ní ọwọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Sadiq Adebiyi, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ilé tó ti wá, gbá fún London Broncos yìí kan náà. Ní 2019, ìdíje rọ́gíbì líìgì ti Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn wáyé ní Èkó, ní pápá Teslim Balogun, Nàìjíríà ló sì gbé ife náà.

Kí ni gígòkè àti jíjá wálẹ̀?

Ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Shooting Stars Ìbàdàn lo ọdún mélòó kan ní líìgì kejì kí wọ́n tó padà sókè ní 2021. Ẹni tó bá ń lọ sí Adamasingba mọ bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn á já wálẹ̀, ẹni tó bá ṣe dáadáa nísàlẹ̀ á gòkè rọ́pò rẹ̀. Orí pápá ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́ náà, gbogbo ayé ló sì ń wò ó.

Adùn rẹ̀ ni ìrètí. Ọmọ kékeré ní ìlú tí kò tóbi lè sọ pé lọ́jọ́ kan, Wigan á wá gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò òun. Adùn rẹ̀ kejì ni pé ìdíje ìparí sáà kì í tẹ́ lẹ́nu, torí ẹni tí kò lè gba ife mọ́ ṣì ń jà kó má baà já.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó korò sí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, Hull KR gba Salford lálejò nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní Million Pound Game. Orúkọ yẹn wá láti ara owó tó wà láàárín líìgì òkè àti ti ìsàlẹ̀: ẹni tó bá pàdánù á tú àwọn agbábọ́ọ̀lù ká, á sì gé owó oṣù àwọn tó kù. Hull KR ń fi 18 sí 10 síwájú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Salford gbé bọ́ọ̀lù lọ fi kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà, àmì mẹ́rin nìyẹn. Wọ́n tún gbé òmíràn lọ nígbà tí aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dún. 18 sí 18. Wọ́n wá fi àkókò kún un, ẹni tó bá kọ́kọ́ gba àmì kan ló ni ín. Gareth O'Brien ti Salford dúró lókèèrè, ó ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀, bó ṣe ta sókè ló gbá a, bọ́ọ̀lù sì gba àárín òpó méjèèjì kọjá. Àmì ẹyọ kan. Hull KR já wálẹ̀.

Ẹ ronú kan ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń fọ jẹ́sì, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Iṣẹ́ gbogbo wọn rọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù kan tó wà lófuurufú. Ìbẹ̀rù yìí ló ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ tábìlì má lè ronú kọjá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó tí ì bá fi tọ́ ọmọ ìlú dàgbà, á fi ra àgbà agbábọ́ọ̀lù láti Ọsirélíà tí yóò gbá ọdún kan péré. Ó dà bí àgbẹ̀ tó se èbù iṣu rẹ̀ jẹ nítorí ebi òní.

Kí wá ni ìwé àṣẹ?

Nígbà tí NUC bá wá ṣàyẹ̀wò yunifásítì, kì í ṣe máàkì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ka iye olùkọ́, wọ́n á wọ láíbìrì, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn láàbù wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, wọ́n á fọwọ́ sí i fún iye ọdún kan, ọkàn yunifásítì á sì balẹ̀ títí ọdún yẹn á fi pé. Ìwé àṣẹ nínú eré ìdárayá kò yàtọ̀ sí èyí. Àwọn aláṣẹ líìgì ló ń pín àyè. Wọ́n á wo owó yín, pápá yín, àwọn ọmọ tí ẹ ń tọ́, ibi tí ẹ wà. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ lè gbẹ̀yìn lórí tábìlì kí ẹ má sì já.

Ẹ tún lè fi wé ilé epo. Ẹni tó gba ẹ̀tọ́ láti ta epo lábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá kì í pàdánù rẹ̀ nítorí pé ilé epo tó wà lódìkejì títì tà jù ú lọ lóṣù yìí. NBA ti Amẹ́ríkà rí bẹ́ẹ̀. NRL, líìgì rọ́gíbì tó lágbára jù láyé, tó wà ní Ọsirélíà, rí bẹ́ẹ̀ náà: ẹnikẹ́ni kì í já níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ẹgbẹ́ kan kún un ní 2023, yíyan ni wọ́n yan Dolphins ti Queensland.

Ṣùgbọ́n ẹni tó lè yàn ọ́ lè yọ ọ́. South Sydney wà lára àwọn tó dá líìgì Sydney sílẹ̀ ní 1908. Lẹ́yìn sáà 1999, nígbà tí líìgì ń dín ẹgbẹ́ kù, wọ́n yọ wọ́n. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jáde sí ìgboro Sydney, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́, wọ́n sì padà wọlé ní 2002. Látìgbà náà ni mo ti gbà pé ìwé àṣẹ kò lé ìrora lọ. Ńṣe ló gbé e kúrò lórí koríko wá sí ọ́fíìsì.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú ìwé àṣẹ gidi láti 2009 títí dé 2014, ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá, ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára: ẹ fún àwọn èèyàn ní ọdún mẹ́ta kí wọ́n lè kọ́ nǹkan. Wọ́n fún ẹgbẹ́ kan láti ilẹ̀ Wales, Celtic Crusaders, ní àyè, torí wọ́n fẹ́ kí eré náà tàn dé ọ̀hún. Ìlú Bridgend ni ẹgbẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó di 2010 wọ́n ti kó lọ sí Wrexham, ní 2011 wọ́n fúnra wọn yọ orúkọ kúrò nínú àwọn tó ń tọrọ àṣẹ.

Ní àkókò yẹn gan-an, ẹgbẹ́ Featherstone ń borí ní líìgì ìsàlẹ̀. Wọ́n gba ipò kìíní lórí tábìlì Championship ní 2010, ní 2011, ní 2012. Nínú àṣekágbá 2011, wọ́n lu Sheffield 40 sí 4. Wọn kò gòkè. Ọdún mẹ́ta ni ilé ẹ̀kọ́ fi ń fún ọmọ kan ní ipò kìíní, tí wọ́n sì ń dá a padà sí kíláàsì tó ti wá. Ọ̀rọ̀ Featherstone yìí máa ń dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí ìlú awakùsà èédú ni, kùsà sì ti kógbá wọlé.

Máàkì tí wọ́n ń gbà báyìí ńkọ́?

Wọ́n padà sí gígòkè àti jíjá wálẹ̀ lẹ́yìn 2014. Nígbà tó di 2022, àwọn aláṣẹ eré náà tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ọdún méjìlá pẹ̀lú IMG, ilé iṣẹ́ tó ń ṣòwò eré ìdárayá, pé kí wọ́n wá bá wọn tún ilé tò. IMG ló mú máàkì wá. Ẹ má pè é ní ìwé àṣẹ pátápátá, torí ọdọọdún ni wọ́n ń ka máàkì náà. Kì í sì í ṣe gígòkè àti jíjá wálẹ̀ tí a mọ̀.

JAMB ló jọ jù. Gbogbo wa la mọ ọmọ tó gba máàkì tó ga nínú JAMB tí yunifásítì kò sì mú, torí wọ́n tún wo ìdánwò tiwọn, wọ́n wo èsì WAEC, wọ́n wo catchment. Bí Super League ṣe ń ṣe nìyẹn. Máàkì 20 ni gbogbo rẹ̀. Marùn-ún wà fún àwọn òǹwòran: iye tó ń wá sí pápá, iye tó ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n, iye tó ń tẹ̀ lé wọn lórí ayélujára. Marùn-ún wà fún èsì lórí pápá, kì í sì í ṣe ti ọdún kan, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń kó pọ̀ wò. Mẹ́rin àbọ̀ jẹ́ ti owó: èló ló ń wọlé, ta ló ń gbé ẹgbẹ́ ró, ṣé gbèsè kò tíì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ ti pápá ìṣeré. Méjì àbọ̀ tó kù jẹ́ ti àdúgbò, catchment wà lára rẹ̀; wọ́n á wo iye èèyàn tó ń gbé ní agbègbè ẹgbẹ́, wọ́n á sì wo iye ẹgbẹ́ tó ń pín wọn.

Ẹni tó bá gba 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni Gíréèdì A, àyè rẹ̀ dájú. Láti 7.5 dé abẹ́ 15 ni Gíréèdì B. Àwọn wọ̀nyí ló ń fi máàkì du àyè tó bá kù. Ẹni tó bá wà lábẹ́ 7.5 ni C.

Ẹ padà wo iye náà dáadáa. Marùn-ún nínú 20. Ìdá mẹ́rin kan péré ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá jẹ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù dunjú ti máa ń fò dìde lórí àga.

Báwo ni London ṣe jáde tí Wakefield fi wọlé?

London kò ní pápá tiwọn. Plough Lane, pápá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù AFC Wimbledon, ni wọ́n ń háyà láti 2022. Òǹwòran wọn kò pọ̀, torí ní London, rọ́gíbì líìgì kì í ṣe eré tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ọdún kan tí wọ́n borí kò lè fọ ọdún méjì tó ṣáájú rẹ̀ nù. Nígbà tí wọ́n ṣí ìwé máàkì ní ìparí 2024, wọn kò sí lára àwọn méjìlá àkọ́kọ́.

Wakefield ló gba àyè wọn, ìtàn tiwọn sì yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Ní 2023 ni wọ́n gbẹ̀yìn Super League tí wọ́n já wálẹ̀, àwọn ló sì já kẹ́yìn lábẹ́ òfin àtijọ́. Ẹni tuntun tó ní owó lọ́wọ́, Matt Ellis, ra ẹgbẹ́ náà. Ìbùjókòó tuntun dìde ní Belle Vue, pápá tí àwọn èèyàn ti ń ráhùn pé ó ti gbó. Ní 2024 wọ́n gba Championship, wọ́n sì na Toulouse 36 sí 0 nínú àṣekágbá. Máàkì wọn kọjá 15, Gíréèdì A. Ẹgbẹ́ tó já ní 2023 padà ní 2025 pẹ̀lú ilé tó dára ju èyí tó fi sílẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sọ pé máàkì IMG kò ṣe rere kankan, kó rántí Wakefield.

Kí ló tún da ọ̀rọ̀ rú ní 2025?

Wọ́n pinnu pé ẹgbẹ́ mẹ́rìnlá ló máa gbá Super League ní 2026 dípò méjìlá. Ilẹ̀kùn méjì ni wọ́n ṣí. Máàkì ló gbé àwọn méjìlá wọlé. Nípa èyí ni Bradford Bulls fi padà, àwọn tí wọn kò tíì débẹ̀ láti 2014. Ìgbìmọ̀ kan tí Lord Jonathan Caine jẹ́ alága fún ló yan àwọn méjì tó kù. Toulouse àti York ni wọ́n mú. London tún kan ilẹ̀kùn, pẹ̀lú Darren Lockyer, balógun Ọsirélíà tẹ́lẹ̀, lára àwọn tó ń gbé wọn ró. Wọn kò mú wọn.

Salford ló jáde, ọ̀rọ̀ wọn sì ni ìdáhùn fún ẹni tó bá rò pé ipò lórí tábìlì ti tó. Ipò kẹrin ni Salford wà ní 2024. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìṣòro owó ti dé bá wọn débi pé àwọn aláṣẹ dín iye tí wọ́n lè ná lórí agbábọ́ọ̀lù kù. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni wọ́n kó lọ sí ìdíje àkọ́kọ́ wọn ní oṣù Kejì ọdún 2025, St Helens sì nà wọ́n 82 sí 0. Mo ṣì ń ronú nípa àwọn ọmọ yẹn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ sínú irú iná bẹ́ẹ̀, àbùkù náà kì í sì í ṣe tiwọn.

Èwo ló dára jù nínú wọn?

Mi ò rò pé a lè fi ọ̀kan sílẹ̀ pátápátá ká di èkejì mú. Salford fi hàn pé orí pápá nìkan kò tó. Featherstone fi hàn pé ọ́fíìsì nìkan kò tó, ó sì burú jù, torí ó kọ́ ìlú kan pé ohun yòówù kí wọ́n ṣe, kò já mọ́ nǹkan.

Mo tún rántí Hull KR. Ọdún kan péré ni wọ́n lò nísàlẹ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀lù O'Brien, wọ́n gòkè padà ní 2017. Ní 2025, wọ́n gba Challenge Cup, ife ńlá àkọ́kọ́ wọn láti ogójì ọdún, wọ́n gba ipò kìíní lórí tábìlì, wọ́n sì na Wigan 24 sí 6 nínú àṣekágbá ní Old Trafford. Ẹgbẹ́ tó já wálẹ̀ ni o. Bí ilẹ̀kùn ìpadàbọ̀ bá ti jẹ́ ti ìgbìmọ̀ ní 2017, ta ló mọ̀ bóyá wọn ì bá ti ṣí i fún wọn?

Máàkì tí gbogbo ayé lè kà sàn lójú mi ju ìgbìmọ̀ tó jókòó sínú yàrá lọ. Ẹgbẹ́ tó gba 12 mọ ibi tó kù sí, ó lè lọ tún àga pápá rẹ̀ ṣe, ó lè lọ wá òǹwòran sí i. Ẹni tí ìgbìmọ̀ kọ̀, kí ló máa lọ tún ṣe? Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá gba Championship. Kí wọ́n fi iye máàkì kan ṣe cut-off, ká ní 12; ẹni tó bá gba ife Championship tó sì ti dé 12, kó gòkè lọ́jọ́ yẹn láìsí ìgbìmọ̀ kankan, kí ẹni tó gbẹ̀yìn lókè sì fi àyè sílẹ̀ fún un.

Lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, Wakefield á ti gòkè ní 2024, láìsí àríyànjiyàn. London kì bá tí gòkè ní 2023, torí 8.07 jìnnà sí 12. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọkùnrin yẹn tó gbéra lọ sí Toulouse, ẹnì kan ì bá ti jókòó tì wọ́n, kó sọ ohun tí wọ́n ń gbá fún àti ohun tí wọn kò gbá fún.